Alágbàtà Ni àbí Alárinà? Ìtàn Ẹni Tó Ń Gbé Ìwé Ọmọdé Dọ́jà

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan wà tí ó ń wọlé tọ̀ mí wá ju ìbéèrè lórí àmì ohùn lọ. Ẹni tó bá ti kọ ìtàn fún ọmọdé, ìbáà jẹ́ àlọ́ ìjàpá tí ìyá rẹ̀ pa fún un, ìbáà jẹ́ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ rò, á ní: "Prof, wọ́n ní láìsí agent, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lókè òkun tí yóò wo ìwé mi. Níbo ni mo ti lè rí ọ̀kan?" Èsì wà, màá sì sọ ọ́ kí n tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, n kò lè sọ ibi tí nǹkan wà láìsọ ibi tí ó ti wá. Ta ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí? Kí ló bí i? Kí ló sì dé tí àwa tí a ní Fágúnwà àti Ọdúnjọ kò fi ní in? Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ ohun tí òun ń wá gan-an, kò sì ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Kí la fẹ́ máa pè é?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sún mọ́ ọn jù nínú èdè wa. Àkọ́kọ́ ni alágbàtà: ẹni tó gba ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà tó sì tún un tà. Iye tó bá wù ú ló lè pè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ìkejì ni aṣojú, ẹni tó dúró ní ipò ẹlòmíì. Ìkẹta ni alárinà, ẹni tó ń rìn láàárín ìdílé méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀.

Ẹni tí à ń sọ yìí kì í ra ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ti òǹkọ̀wé ni ìwé náà títí dé òpin. Làádà ni òun ń yọ nínú owó tó bá wọlé. Nítorí náà kì í ṣe alágbàtà. Alárinà bá a mu jù ú lọ: ó mọ ìwà ilé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ ká kàn, ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ owó tí ojú yóò ti ọlọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ láti sọ. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mojú, alárinà á yẹ̀ba. Alárinà òǹkọ̀wé kì í yẹ̀ba. Bí ìwé náà bá ń tà fún ogójì ọdún, òun ni yóò máa gba owó, tí yóò yọ tirẹ̀, tí yóò sì fi ìyókù ránṣẹ́. Alárinà ni màá máa pè é níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé aṣojú ẹnì kan ni, òǹkọ̀wé sì ni ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń kó àwọn ènìyàn wa sí wàhálà ni atẹ̀wé. À ń pe ẹni tó ní ẹ̀rọ ní Ṣómólú ní atẹ̀wé, à sì ń pe ilé iṣẹ́ tó yan ìwé, tó sanwó olótùú àti ayàwòrán, tó sì ń pín in kiri ní atẹ̀wé bákan náà. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹni kejì ló yẹ kó san owó fún yín. Mo máa ń pe ẹni kejì ní agbéwèéjáde. Ìdàrúdàpọ̀ orúkọ yìí ti ná ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lówó: wọ́n san owó ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan, páálí ìwé kún yàrá, wọ́n wá ń sọ pé agbéwèéjáde ti gba ìwé àwọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Glasgow ni Alexander Pollock Watt, ní ilẹ̀ Scotland, ṣùgbọ́n London ló ti ṣiṣẹ́. Ó wà lọ́dọ̀ agbéwèéjáde kan, Alexander Strahan, tó jẹ́ àna rẹ̀. Nígbà tí nǹkan ò rọgbọ fún Strahan mọ́, Watt wá iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní nǹkan bí 1875, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ta àwọn ìtàn òun. George MacDonald ni ọ̀rẹ́ náà, òun ló sì kọ *At the Back of the North Wind* àti *The Princess and the Goblin*, ìwé méjì tí àwọn ọmọdé ṣì ń kà di òní. Ẹ ò rí i pé òǹkọ̀wé ọmọdé wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀!

Watt rí i pé ohun tó ṣe fún ọ̀rẹ́ lè di òwò. Ó fi làádà rẹ̀ sí ìdá mẹ́wàá, ìyẹn sílè méjì nínú pọ́ùn kan. Kò pẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ fi tò sẹ́yìn rẹ̀. Rudyard Kipling wà lára wọn. Watt sì ni alárinà rẹ̀ nígbà tí *The Jungle Book* jáde ní 1894.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò náà? Ohun mẹ́ta ló parapọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ 1870 sọ ilé ìwé di ohun tó kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó lè kàwé sì pọ̀ sí i. Ìwé ìròyìn àti ìwé àtìgbàdégbà pọ̀, wọ́n sì ń wá ìtàn tí wọn yóò máa tẹ̀ ní apá kan lọ́sẹ̀ yìí, apá kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkẹta ló tóbi jù: ẹ̀tọ́ àdàkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ní 1886, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn Berne pé wọn yóò dáàbò bo ìwé ara wọn. Ní 1891, Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè da ìwé òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣe òfin tó jẹ́ kí àjèjì ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, bí ó bá tẹ̀ lé ìlànà wọn.

Láti ìgbà náà, ìwé kan wá dà bí igi ọ̀pẹ. Ẹyìn wà níbẹ̀, emu wà níbẹ̀, imọ̀ wà níbẹ̀, ọwọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ti ìtumọ̀ sí èdè mìíràn yàtọ̀ sí ti ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni eré orí ìtàgé, fíìmù àti rédíò dé. Ẹni tó jókòó ń kọ̀wé kò lè máa sáré kiri ta èso mẹ́fà lára igi kan. Ìdí tí alárinà fi rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Inú àwọn agbéwèéjáde kò dùn sí i rárá. William Heinemann, tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1890, bínú jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1893. Ohun tó sọ kò jìnnà sí òwe wa nípa alágbàtà: ó ní àwọn tó wà láàárín yìí kàn ń jẹ lára iṣẹ́ tí wọn kò ṣe ni. Kò dá wọn dúró. James Pinker dé ní 1896, Albert Curtis Brown, ọmọ Amẹ́ríkà, náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ìwé mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta

Kenneth Grahame jẹ́ akọ̀wé àgbà ní Bank of England. Ó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀ nípa ìwé méjì tó kọ nípa ìgbà èwe. Nígbà tó wá kọ ìtàn ẹranko etídò tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ rẹ̀, agbéwèéjáde rẹ̀ àtijọ́ kọ̀ ọ́. Ìwé àtìgbàdégbà kan ní Amẹ́ríkà náà kọ̀ ọ́. Curtis Brown ló ń gbé e kiri. Methuen gbà á nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní san owó àsansílẹ̀ tó dájú. Ẹ wo ohun tí alárinà gidi ṣe: kò jà mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí owó ojú ẹsẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti ń tà sí i ni kí ìpín òǹkọ̀wé máa ga sí i. *The Wind in the Willows* jáde ní 1908, kò sì tíì kúrò lórí àtẹ. Ohun tí wọn rò pé kò ní láárí ló di owó.

Beatrix Potter kò ní alárinà. Lẹ́tà alálàyé onáwòrán tó kọ sí ọmọ kan tó ń ṣàìsàn ní 1893 ló sọ di ìwé. Nígbà tí àwọn agbéwèéjáde kọ̀ ọ́, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 250 ní 1901. Ilé iṣẹ́ Frederick Warne wá gbà á, wọ́n sì gbé *The Tale of Peter Rabbit* jáde ní 1902. Obìnrin yìí gbọ́n nínú òwò: ní 1903 ló ti lọ fi orúkọ ọmọláńgidi Peter Rabbit sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Síbẹ̀, Warne kò gba ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé náà ní Amẹ́ríkà. Ní 1904, àwọn kan níbẹ̀ ti ń da á kọ, wọ́n ń tà á, kọ́bọ̀ kan kò sì kan Potter. Olóòótọ́ ni Warne sí i. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni Warne ń ṣe. Kò sí ẹnì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, "Ti Amẹ́ríkà ńkọ́?"

Ìkẹta ni gbogbo yín mọ̀. J. K. Rowling parí ìwé Harry Potter àkọ́kọ́ ní Edinburgh ní 1995. Ó fi orí mélòó kan ránṣẹ́ sí alárinà kan. Ìyẹn dá a padà. Èkejì ni Christopher Little ní London, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìwé ọmọdé. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Bryony Evens, ló fà á yọ nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà. Agbéwèéjáde méjìlá kọ ìwé náà kí Bloomsbury tó gbà á, nígbà tí ọmọbìnrin ọ̀gá àgbà wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ka orí kìíní tó sì ń béèrè ìyókù. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹlẹ́yìn líle ní 1997. Lọ́dún náà gan-an, Scholastic ra ẹ̀tọ́ ti Amẹ́ríkà nìkan ní $105,000. Ẹ fi èyí wé ti Potter. Ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan kò rántí ní 1902 ni wọ́n tà lọ́tọ̀ ní 1997, tó sì ju owó ti ilé lọ fíìfíì.

Àwa ńkọ́?

Kì í ṣe pé a kò ní ìwé ọmọdé. Ọ̀nà tí tiwa gbà wá ló yàtọ̀. Ìjọ àti ìjọba ni wọ́n dúró ní ipò alárinà. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde lọ́dọ̀ CMS ní 1938, lẹ́yìn ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe. *Aláwíyé* J. F. Ọdúnjọ jáde lọ́dọ̀ Longman, ó sì wọ ilé ìwé. Ẹ kíyè sí i: ilé ìwé ni ọjà. Olùkọ́ àti ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ló ń yan ìwé, kì í ṣe ìyá tó dúró níwájú àtẹ. Ìwé tí wọ́n bá ti fi sí kíláàsì kò nílò ẹni tí yóò kàn ilẹ̀kùn fún un. Ìwé tí wọn kò bá sì fi sí i, ilẹ̀kùn mìíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Ẹni tó sún mọ́ alárinà jù ní ilẹ̀ wa ni aṣojú ilé iṣẹ́ òkèèrè. Christopher Okigbo, akéwì, ni aṣojú Cambridge University Press ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ló lọ bá Chinua Achebe pé kó kọ ìwé fún ọmọdé. Achebe fúnra rẹ̀ ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti rí ohun tí ìwé òyìnbó ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nípa àwọ̀ ara. Báyìí ni *Chike and the River* ṣe jáde ní 1966. Iṣẹ́ rere ni Okigbo ṣe. Ṣùgbọ́n Cambridge ló ń san owó oṣù rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ìdá tó kan òǹkọ̀wé, ibo ni yóò dúró sí? Alárinà ọkọ ni, kì í ṣe ti ìyàwó.

Achebe kan náà ti jìyà àìní ẹni lẹ́yìn rí. Ìwé àfọwọ́kọ *Things Fall Apart* kan ṣoṣo tó ní ló fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní London pé kí wọ́n bá òun fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba owó, wọ́n sì dákẹ́. Ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò, Angela Beattie, lọ sí London tó sì yọ sí wọn ni wọ́n tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde ní 1958 ni Heinemann, ilé iṣẹ́ ọkùnrin tó bínú sí alárinà ní 1893.

Ṣé kò wá yẹ kí alárinà ti pọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìwé ọmọdé kan ń jẹ́ ₦2,000, òǹkọ̀wé sì ń gba ìdá mẹ́wàá. ₦200 ni lórí ẹ̀dà kan. Bí ẹ̀dà 1,000 bá tà, ₦200,000 ló kan òǹkọ̀wé. Bí alárinà bá yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀, ₦30,000 ni, lórí iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì. Ta ni yóò fi ìyẹn sanwó ilé? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló jẹ́ ká má ní alárinà; ọjà tó kéré ni, àti ìwé tí wọ́n ń dà kọ ní ìkọ̀kọ̀ tí kò jẹ́ kó dàgbà.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń lo ọ̀nà ti ọ̀hún. Àtìnúkẹ́, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó sì ń gbé ní Wales, bẹ̀rẹ̀ ìwé *Anna Hibiscus* lọ́dọ̀ Walker Books ní 2007. Tómi Adéyẹmí ní Amẹ́ríkà gbé *Children of Blood and Bone* jáde ní 2018, òrìṣà ilẹ̀ wa sì kún inú rẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ìtàn wa.

Èsì tí mo ṣèlérí

Bí ìwé yín bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ sì ń fojú sí London tàbí New York, ẹ wá alárinà tó ń gba ìwé ọmọdé, kì í ṣe alárinà èyíkéyìí. *Children's Writers' & Artists' Yearbook* ń to orúkọ wọn lọ́dọọdún. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tó jọ tiyín, níbi ọpẹ́. Òǹkọ̀wé sábà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alárinà rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó: ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ tí ìwé wà fún, iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti ìtàn náà ní ṣókí. Bí ó bá jẹ́ ìwé àwòrán fún ọmọ kékeré, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà tó 1,000, gbogbo rẹ̀ lẹ máa fi ránṣẹ́. Bí ó bá gùn, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti àkópọ̀ ìtàn ni wọ́n sábà ń béèrè. Ẹ má sanwó fún ayàwòrán ṣáájú. Agbéwèéjáde ló máa ń yan tirẹ̀. Làádà òde òní sábà jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé, ogún nínú ọgọ́rùn-ún lókè òkun. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó ka ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un. Alárinà kì í jẹun títí ọjà yóò fi tà.

Bí ìwé yín bá wà ní Yorùbá, alárinà London kò ní rí ibi tà á. Ẹ̀yin ni alárinà ara yín. Ẹ rántí ìṣákọ́lẹ̀: onílẹ̀ fún àgbẹ̀ ní oko dá, àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣe rí. Ẹnì kan tí mo kọ́ ní yunifásítì gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ agbéwèéjáde kan, ó sì buwọ́ lu ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ ti di tiwọn. Ìwé náà wọ ilé ìwé ní ìpínlẹ̀ bíi mẹ́ta. Ó ń rí i lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀, kò sì rí kọ́bọ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló tà, ó rò pé oko ló fi yáni.

Nínú òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ àdàkọ yín wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ti ọmọ-ọmọ yín ni. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò lè gbà á pátápátá bí kò bá sí àkọsílẹ̀. Nítorí náà ìbuwọ́lùwé yín ni gbogbo agbára yín. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ béèrè ohun márùn-ún. Èdè wo? Ilẹ̀ wo? Ọdún mélòó? Bí ìwé bá tán lórí àtẹ tí wọn kò tún tẹ̀ ẹ́, ṣé ẹ̀tọ́ á padà sọ́dọ̀ mi? Fíìmù, ohùn àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní àkókò fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ìwé yín, kí ẹ máa lọ.

Ìbéèrè kan náà tí Curtis Brown béèrè fún Grahame nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò bá Potter béèrè. Ẹni tó bá ní alárinà, kí ó jẹ́ kí ó béèrè. Ẹni tí kò bá ní, kí ó la ẹnu ara rẹ̀. Ire o.